Wuji Wo Lò Ń Wí? Orúkọ Kan, Olórúkọ Púpọ̀, Nínú Ìtàn Ṣáínà

Ẹni tó bá ń ka ìtàn Ṣáínà, tó sì tún ń wo fíìmù oníjà idà wọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi pàdé Wuji. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọba tó rán èèyàn lọ jí àmì àṣẹ ogun ní yàrá ọba. Ọ̀kan jẹ́ àna ọba tó ṣe kòkáárí ìwé òfin ńlá. Ọ̀kan fi ẹnu ba ilé onílé jẹ́ títí ìlú fi fọ́. Òmíràn kò gbé ayé rí, inú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ní Hong Kong ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà Látìnì kọ orúkọ wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń da ìtàn ọ̀kan lu ti èkejì.

Àwọn òǹkọ̀wé Ṣáínà fẹ́ràn kí wọ́n máa fi olórúkọ kan náà wé ara wọn, bí ẹni pé orúkọ ló so wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, ohun tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ Wuji ni pé ẹni tí orúkọ náà bá mu jù lọ ni èèyàn burúkú inú wọn, ẹni tó lókìkí jù lóde òní ni kò sì bá mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Ṣáínà méjì ló wà níbẹ̀: 無忌. Ti àkọ́kọ́, wú, ni "kò sí" tàbí "láìní". Èkejì, jì, ló nípọn díẹ̀: èèwọ̀ wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, owú jíjẹ náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a lè ka orúkọ yìí sí ẹni tí kì í bẹ̀rù, tàbí ẹni tí kì í jowú, tàbí ẹni tí kò ka ohunkóhun léèwọ̀. Orúkọ rere ni lẹ́nu òbí, àmọ́ ẹ rí i pé ìtumọ̀ kẹta yẹn lè di ẹ̀sùn.

Orúkọ mìíràn tún wà tí wọ́n ń kọ báyìí: 無極, wújí, "aláìlópin". Kò bá ti àkọ́kọ́ tan. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, bí wọ́n bá sì ti yọ àmì ohùn kúrò, méjèèjì á di Wuji, bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe ń di nǹkan kan náà lọ́wọ́ ẹni tí kì í fàmì sí Yorùbá. Àmọ́ kí ẹ má fi ojú àmì tiwa wo tiwọn o. Nínú ìkọ̀wé pinyin, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà Látìnì kọ èdè Ṣáínà, àmì tó wà lórí wú kì í ṣe ohùn òkè, ohùn tó ń gùn láti àárín lọ sókè ni. Èyí tó wà lórí jì kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀, ohùn tó ti òkè já wálẹ̀ ni. Ohùn òkè gbọọrọ irú tiwa, ìlà tó dùbúlẹ̀ (¯) ni wọ́n ń fi sí i.

Ẹni tó fẹ́ wá orúkọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 无忌 ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Ṣáínà lóde òní, nígbà tí Taiwan àti Hong Kong ṣì ń lo 無忌. Nínú àwọn ìwé gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́, Wu-chi ni ẹ ó rí. Nínú fíìmù Hong Kong, Mo-kei ni, torí èdè Cantonese ni wọ́n ń sọ. Ní Vietnam, Vô Kỵ ni. Ní Japan, Muki ni. Ẹni tó bá wá Wuji nìkan yóò pàdánù ìlàjì ohun tó wà nílẹ̀.

Orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú ní Ṣáínà, ìyẹn náà sì ní ewu tirẹ̀. Zhangsun Wuji kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Zhang. Zhangsun, lẹ́tà méjì, ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ìdílé Xianbei láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ṣẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń gé orúkọ lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di Zhang Sunwuji, ẹni tí kò sí níbì kankan.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ni Fei Wuji, ará ìlú Chu, ní ọ̀rúndún kẹfà kí wọ́n tó bí Jésù. Òun ni igbá kejì olùkọ́ àrẹ̀mọ Jian, ọmọ Ọba Ping. Wu She ni olùkọ́ àgbà. Ọba rán Fei Wuji lọ sí ìlú Qin kó lọ mú ìyàwó wá fún àrẹ̀mọ. Ó rí i pé ọmọ náà rẹwà, ló bá sáré ṣáájú wá sọ fún ọba pé kó fi í ṣaya fúnra rẹ̀, kó wá ẹlòmíràn fún ọmọ rẹ̀. Ọba gbà. Láti ọjọ́ náà lọ ni ẹ̀rù ti ń ba Fei Wuji pé bí àrẹ̀mọ bá jọba, òun gbé. Ó wá ń lọ síwá sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọba pé àrẹ̀mọ àti Wu She ń dìtẹ̀. Lọ́dún 522 kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n pa Wu She àti ọmọ rẹ̀ àgbà. Ọmọ kejì, Wu Zixu, sá lọ sí ìlú Wu. Lọ́dún 515 olórí ìjòyè Chu pa Fei Wuji fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀, lẹ́yìn tí irọ́ mìíràn tó pa ti gba ẹ̀mí aláìṣẹ̀ kan. Àmọ́ iná ti ràn. Lọ́dún 506 ọmọ ogun Wu wọ Ying, olú ìlú Chu, ìtàn sì sọ pé Wu Zixu hú òkú Ọba Ping, ó nà án ní pàṣán 300.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ọkùnrin yìí. Ìwé ìtàn Shiji tí Sima Qian kọ pè é ní 無忌. Zuozhuan, ìwé ìtàn tó ti wà ṣáájú Shiji, pè é ní 無極. Ẹnì kan náà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá bá Fei Wuji méjì nínú àtòjọ kan, ẹ yọ ọ̀kan dànù.

Wuji tí àwọn ará Ṣáínà ń fi yangàn ni ti ìlú Wei. Ọmọ Ọba Zhao ti Wei ni, àbúrò Ọba Anxi, bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀. Oyè rẹ̀ ni Xinling Jun, ìyẹn Olóyè Xinling, orúkọ oyè yìí ni ẹ ó sì rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ju Wei Wuji lọ. Ọ̀kan ni nínú àwọn olóyè mẹ́rin tó gbajúmọ̀ fún gbígba àlejò sílé nígbà náà. Wọ́n ní àlejò 3,000 ló ń jẹun nílé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló kó jọ: ọlọ́gbọ́n wà níbẹ̀, oníjà wà níbẹ̀, amí wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Qin ti fọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú Zhao túútúú ní Changping lọ́dún 260 kí wọ́n tó bí Jésù, ó dó ti Handan, olú ìlú Zhao. Ẹ̀gbọ́n Wuji obìnrin ni aya Olóyè Pingyuan ní Handan, ìwé ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́ pé kó gbà wọ́n. Ọba Wei ti rán ọ̀gágun Jin Bi jáde pẹ̀lú ọmọ ogun 100,000, àmọ́ Qin halẹ̀ mọ́ ọn, ló bá ní kí Jin Bi dúró sí Ye, kó máa wòye. Wuji bẹ ọba títí, ọba ò gbọ́.

Hou Ying, aṣọ́bodè ẹni 70 ọdún ní Daliang (Kaifeng òde òní), ló fún un lọ́gbọ́n. Ọmọ ogun kì í ṣí nídìí láìsí àmì àṣẹ. Idẹ ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ó rí bí ẹkùn, wọ́n á là á sí méjì ní gígùn: ìlàjì wà lọ́wọ́ ọba, ìlàjì lọ́wọ́ ọ̀gágun. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé tí wọ́n ṣe wẹ́kú, àṣẹ ti dé nìyẹn. A mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa torí pé ìlàjì ọ̀kan tó jẹ́ ti Qin ti jáde nílẹ̀ nítòsí Xi'an ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé ìlàjì ọ̀tún wà lọ́dọ̀ ọba, tòsì wà ní ìlú Du, pé ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ ogun 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde gbọ́dọ̀ dúró de ti ọba, àfi bí iná ìdágìrì bá ti ń jó.

Ti ọba Wei wà ní yàrá tó ń sùn. Olorì Ru nìkan ló lè dé ibẹ̀, gbèsè oore Wuji sì wà lọ́rùn rẹ̀: wọ́n ti pa bàbá rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló fi wá ẹni tí yóò gbẹ̀san, Wuji ló rán àlejò rẹ̀ kan lọ gé orí apànìyàn náà wá fún un. Ó jí àmì náà.

Hou Ying mọ̀ pé àmì nìkan lè má tó. Ó ní kó mú Zhu Hai, alápatà, lọ́wọ́. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Jin Bi fi ìlàjì méjèèjì pọ̀, wọ́n ṣe wẹ́kú, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Wuji lójú. Ó ní ọmọ ogun 100,000 ló wà lọ́wọ́ òun lẹ́nu ibodè, ìwọ sì fi ọkọ̀ kan ṣoṣo wá rọ́pò òun, kí ló dé? Ìbéèrè gidi ni, torí ẹni tí ọba bá rán lóòótọ́ kì í dá wá. Zhu Hai fa òòlù irin tó wúwo tó 40 jin (òṣùwọ̀n ìwúwo wọn) yọ lábẹ́ apá aṣọ, ó sì là á mọ́ ọn. Jin ìgbà náà kò tó ti òde òní, nǹkan bí kílò 10 ni òòlù yẹn, kò sì ṣòro fún alápatà láti gbé. Hou Ying tó dúró sílé gbẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣírò pé wọ́n ti dé ibùdó, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

Ohun tí Wuji ṣe tẹ̀ lé e ni kì í sábà wọ inú fíìmù, mo sì rò pé òun ló fi í hàn jù. Ó ní bí bàbá àti ọmọ bá wà nínú ogun pọ̀, kí bàbá máa lọ sílé. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jọ wà níbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, kó lọ tọ́jú òbí rẹ̀. Ó ku 80,000. Àwọn wọ̀nyí ló lé Qin kúrò ní Handan lọ́dún 257.

Kò lè padà sílé mọ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi wà ní Zhao kí ọba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè é nítorí ogun Qin. Ní 247 ó kó ogun ìlú márùn-ún jọ, ó ṣẹ́gun Qin. Qin wá fi òòlù sílẹ̀, ó mú owó: ó ná wúrà 10,000 jin láti máa tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ ní Wei pé Wuji fẹ́ jọba. Ọba gbà á gbọ́. Wuji fi ọtí àti obìnrin lo ọdún mẹ́rin, ó kú ní 243. Wei fúnra rẹ̀ parẹ́ ní 225.

Nínú ìṣeré ọ̀rọ̀ àwọn Ṣáínà, òun ni wọ́n fi ń so pọ̀ mọ́ Zhangsun Wuji. Ọ̀rọ̀ onílà méjì àtijọ́ kan sọ pé Lin Xiangru àti Sima Xiangru, lórúkọ wọ́n jọra, nítòótọ́ wọn ò jọra. Wei Wuji àti Zhangsun Wuji, tọ̀hún kò bẹ̀rù, tibí náà kò bẹ̀rù. Adùn rẹ̀ ni pé Xiangru gan-an túmọ̀ sí "jọra". Ìlà àkọ́kọ́ yẹn sì ní òtítọ́ nínú: àwọn Xiangru méjèèjì ni orúkọ so pọ̀ lóòótọ́. Sima Xiangru, akéwì ìgbà Han, Ọmọ Ajá ni àwọn òbí rẹ̀ ń pè é ní kékeré. Nígbà tó kàwé tó rí ìtàn Lin Xiangru, ìjòyè Zhao tó gba òkúta jade padà lọ́wọ́ ọba Qin, ìwà rẹ̀ wù ú, ló bá yí orúkọ padà. Ìlà kejì kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. N kò rí ohun kankan nínú ìgbésí ayé Zhangsun tó jọ jíjí àmì ọba.

Zhangsun Wuji ni ẹ̀gbọ́n Ayaba Zhangsun, aya Li Shimin tó padà di ọba nínú ìjọba Tang. Ó wà nínú àwọn tó gbìmọ̀ ìjà Ẹnubodè Xuanwu lọ́dún 626, níbi tí Li Shimin ti pa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kó tó jọba. Lọ́dún 643, nígbà tí ọba ní kí wọ́n ya àwòrán àwọn ọlọ́lá 24 sí Gbọ̀ngàn Lingyan, tirẹ̀ ló ṣáájú. Iṣẹ́ tó sì kù nílẹ̀ títí dòní ni ìwé òfin Tang pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ tó ṣe olórí fi jíṣẹ́ lọ́dún 653: apá 12, òfin tó lé ní 500, ìwé 30.

Inú ìwé yìí ni èèwọ̀ orúkọ wà. Ní Ṣáínà àtijọ́, o kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àbísọ ọba tó wà lórí oyè, tàbí ti àwọn baba ńlá rẹ̀, o kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Òfin Tang fi iye ìjìyà sí i. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọ orúkọ èèwọ̀ nínú ìwé sí ọba, 80 lílù ni, ọ̀pá tó nípọn ni wọ́n ó fi lù ú. Ẹni tó bá ṣèèṣì fẹnu sọ ọ́, tàbí tó wà nínú ìwé mìíràn, 50 ni, ọ̀pá tó fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fi ṣe orúkọ èèyàn, ọdún mẹ́ta nínú iṣẹ́ àṣekára. Lẹ́yìn náà ni òfin dá àwọn méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ohùn lásán ló jọra tí lẹ́tà yàtọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ìwé náà fúnra rẹ̀ mú wá ni Yu, ọba àtijọ́, àti yu tó jẹ́ òjò. Èkejì, bí orúkọ bá ní lẹ́tà méjì, ẹni tó lo ẹyọ kan kò jẹ̀bi.

Ẹ ò rí i pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kò-séèwọ̀ ló ṣe olórí àwọn tó kọ òfin èèwọ̀ orúkọ. Ìlànà àkọ́kọ́ yẹn náà ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń to olórúkọ kan náà jọ tẹ̀ lé: lẹ́tà ni kí ẹ wò, kì í ṣe ohùn. Òfin wà, àmọ́ ìbẹ̀rù ju òfin lọ. Nígbà tí Li Shimin kú lọ́dún 649, wọ́n sọ Minbu, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó orí, di Hubu nítorí "min" tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ọ̀gágun Li Shiji sì já "Shi" kúrò, ó di Li Ji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni olúkúlùkù wọn lò.

Èèwọ̀ yìí náà ló ṣàlàyé bí Wuji ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í jẹ́ orúkọ bàbá tàbí bàbá àgbà níbẹ̀, nítorí náà orúkọ kì í rìn nínú ìdílé. Ibi tí orúkọ ti lè tún jáde ni ilé ẹlòmíràn, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ti ọba. Kò sì sí ọba ńlá kan tó gba Wuji mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́.

Òpin Zhangsun kò dára. Nígbà tí Ọba Gaozong, ọmọ àbúrò rẹ̀, fẹ́ fi Wu Zetian ṣe ayaba, tọkọtaya náà bá a délé, wọ́n fi ipò ìjọba dá àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ́lá, wọ́n kó wúrà, fàdákà àti aṣọ olówó iyebíye tó kún ọkọ̀ mẹ́wàá fún un. Ó gba ẹrù, kò gba ọ̀rọ̀. Lọ́dún 659 wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n lé e lọ sí Qianzhou, wọ́n sì fi dandan mú un pokùn so níbẹ̀.

He Wuji, ọ̀gágun ìgbà Jin, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bá ọ̀gágun Liu Yu dìde sí Huan Xuan, ẹni tó fipá gba ìtẹ́, lọ́dún 404, ó sì kú lójú ogun lórí omi lọ́dún 410 nígbà tó ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ Lu Xun jà. Nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ yìí, òun ni ìtumọ̀ "kì í bẹ̀rù" tọ́ sí jù.

Ó wá ku àwọn tí wọ́n fi ọpọlọ hun. Zhang Wuji ni akọni Yitian Tulong Ji, ìtàn tí Jin Yong kọ sínú Ming Pao, ìwé ìròyìn tó dá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn lọ́dún 1959. Láti 1961 dé 1963 ló ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i tí Wuji kan sọ Wuji mìíràn lórúkọ. Orí erékùṣù oníyìnyín ni wọ́n bí i sí, lọ́dọ̀ Zhang Cuishan àti Yin Susu. Ẹnì kẹta wọn níbẹ̀ ni Xie Xun, akíkanjú tí ọ̀gá rẹ̀ pa gbogbo ìdílé rẹ̀, tó fi mọ́ ọmọ ọwọ́ kan tó ń jẹ́ Xie Wuji. Orí Xie Xun ti ń dàrú, igbe ọmọ tuntun yìí ló dá iyè rẹ̀ padà, ni wọ́n bá fi ọmọ náà fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ, wọ́n sì fi orúkọ olóògbé sọ ọ́.

Zhang Wuji dàgbà di olórí ẹgbẹ́ Ming tó ń bá ìjọba Yuan jà. Agbára ló ní, ìpinnu ni kò ní. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni yóò tẹ̀ lé. Láàárín obìnrin mẹ́rin ni ọkàn rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo nǹkan ló ń rò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù láti ṣẹ̀. Jin Yong fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé kì í ṣe olórí tó dára, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àtàtà fún wa. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Fei Wuji, tí kò ka nǹkan kan léèwọ̀ títí tó fi gba ìyàwó ọmọ fún bàbá, ẹ ó rí ibi tí orúkọ náà ti rí ilé.

Gu Long, òǹkọ̀wé ìtàn oníjà idà mìíràn, náà ní tirẹ̀, Zhao Wuji, nínú Baiyu Laohu tó jáde lọ́dún 1976. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni wọ́n pa bàbá rẹ̀, ó sì fi gbogbo ìwé náà lépa ẹni tí wọ́n ní ó ṣe é, títí dé inú agbo ilé ìdílé Tang ní Sichuan, àwọn tó mọ májèlé lò. Ẹni tó bá wá orúkọ yìí ní lẹ́tà Látìnì, ayàwòrán ni yóò kọ́kọ́ bá: Zhao Wuji tí wọ́n bí ní Beijing lọ́dún 1920, tó kó lọ sí Paris lọ́dún 1948, tó kú ní Switzerland lọ́dún 2013. Orúkọ ìdílé kan náà, àbísọ kan náà lójú ẹni tí kò rí àmì ohùn, àmọ́ 無極 ni tirẹ̀, aláìlópin. Zao Wou-Ki ló máa ń kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kí ẹ kọ ọ́ nìyẹn bí ẹ bá ń wá a.